Má Jẹ́ Kí Dígí Sunkún

                                                  Yàrá Ẹ̀yìn, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                                  Ilé Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín.
                                                  Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Òwú mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọn kò yọ ọ́ lẹ́nu jù? Ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ tí o bá jókòó pẹ́ nídìí máṣíìnì ńkọ́? Ṣé o ti ń fi tìmùtìmù sẹ́yìn àga bí mo ṣe ní kí o máa ṣe, àbí orí kunkun ọjọ́sí ṣì wà níbẹ̀? Ọ̀gá wa àtijọ́ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àmọ́ pé wọ́n ṣì lè fọwọ́ kan etí aṣọ kí wọ́n sọ pé kò gún. Ẹ̀rù wọn ṣì ń bà mí láti ìhín. Bá mi kí wọn dáadáa, sọ fún wọn pé Abẹ́rẹ́ tí wọ́n sọ lórúkọ kò tíì dípẹtà.

Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ara gbogbo wa le, oúnjẹ ń lọ lẹ́nu, bàbá Ẹlẹ́rìn-ín ṣì ń tún fíríìjì ṣe, ó ṣì ń kó ìdọ̀tí wọn wá sórí tábìlì mi. Mo mọ̀ pé o ti ń bínú sí mi. Ó ti pẹ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé ọwọ́ mi. O ní obìnrin tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ ti kó lọ, pé àyè rẹ̀ ṣófo, pé kí n gbé máṣíìnì mi máa bọ̀. O tún wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí okùn ló ṣíwájú, kí abẹ́rẹ́ wá nǹkan ṣe sí i. Mo rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà mo sunkún díẹ̀, mo ká lẹ́tà náà sínú àpótí bọ́tìnnì. Kì í ṣe pé mo gbàgbé láti fèsì. Àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni mo ń dúró dè, nítorí òun ni yóò sọ bóyá ẹsẹ̀ mi lè kúrò nílé yìí. Wọ́n ti ṣe é wàyí. Fi sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ sílẹ̀, jẹ́ kí n rò ó fún ọ.

O rántí pé àjà ẹnu Ẹlẹ́rìn-ín là nígbà tí a bí i. Ìwọ lo máa ń gbé e nàró mọ́ àyà rẹ kí n lè fi ṣíbí rọ wàrà sí i lẹ́nu, wàrà á sì tún gba imú jáde sára aṣọ rẹ. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un kó tó mọ ìrìn, wọ́n rán àjà náà pọ̀, èmi aránṣọ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ aránṣọ ẹlẹgbẹ́ mi. Àṣé rírán ọ̀tọ̀, kó ṣiṣẹ́ ọ̀tọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, imú ló ń gbà jáde. Ọmọ tí kì í sì í dákẹ́! Láti òwúrọ̀ ló ti ń ròyìn, ó ń bú ológbò ará ìsàlẹ̀, ó ń pàṣẹ fún bàbá rẹ̀, ó ń bi ògiri léèrè ọ̀rọ̀. Èmi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete. Kò sí ẹlòmíràn tó ń gbọ́ ọ.

Tó bá ti sọ̀rọ̀, ojú mi ni gbogbo ayé ń wò. Bàbá rẹ̀ á wo ojú mi. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa báyìí, á wo ojú mi. Oníbúrẹ́dì ìsàlẹ̀ tí ọmọ ń bá sọ̀rọ̀ lójúkorojú, orí rẹ̀ á yí sọ́dọ̀ mi. Èmi á wá tún un sọ bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Àwọn ará ilé ní ìyá odi ní í gbọ́ èdè odi, wọ́n rò pé wọ́n ń yìn mí ni. Ọmọ mi kì í ṣe odi o. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ.

Lọ́jọ́ kan mo lọ ra síìpù, mo fi í ti ìyá ọkọ mi. Mi ò pẹ́. Kí n tó dé, ó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n fún un lómi, wọ́n fún un ní bisikíìtì, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n tún ká aṣọ kúrò lára rẹ̀, wọ́n gbé e jó. Bí mo ṣe fẹsẹ̀ kan ilé báyìí, ó sọ gbólóhùn kan fún mi, mo bọ́ bàtà rẹ̀, òkúta kan já bọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Ìyá ọkọ mi jókòó sílẹ̀ gbì, wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé ó ń bá mi sọ̀rọ̀, ìyàwó mi. Ohun tó ń sọ ni mi ò mọ̀."

Láti ọjọ́ náà mi ò dá jáde mọ́. Tí mo bá wọ balùwẹ̀, wọ́n á kan ilẹ̀kùn pé kí ló ń wí. Tí mo bá sùn, wọ́n á jí mi pé kí ló ń wí. Máṣíìnì mi wà ní igun yàrá, aṣọ bò ó bí òkú, etí ṣòkòtò àwọn aládùúgbò nìkan ni mo ń fọwọ́ ṣẹ́. Mo fẹ́ràn ọmọ mi, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìwọ ni mo lè sọ ọ́ fún: àwọn ọjọ́ kan wà tí ilé yìí há mọ́ mi bí aṣọ tí wọ́n wọn kéré, tí mo máa dúró lójú fèrèsé kí n máa ka orí àwọn tó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, kí n máa jowú wọn.

Ọ̀dọ̀ obìnrin kan ni wọ́n ní kí a máa gbé e lọ, ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọdé wò. Ó kéré sí wa lọ́jọ́ orí, kì í gbé ohùn sókè. Àga yàrá rẹ̀ kúrú débi pé orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Àwòrán wà lára ògiri, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà lórí tábìlì, dígí pẹlẹbẹ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé dígí náà sábẹ́ imú Ẹlẹ́rìn-ín, ó ní kó pe "pápá," kó pe "bàbá." Bí ọmọ ṣe pè é, ooru bo dígí, kò ṣeé wo mọ́. Ó ṣàlàyé pé èémí tó yẹ kó gba ẹnu ló ń sá gba imú. Ó ní kí a lọ máa bá a ṣeré ọ̀rọ̀ nílé, kí a padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Tí èémí náà bá ṣì ń sá, dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ yóò tún àjà ẹnu náà wò, bóyá wọn yóò tún un rán. Kí a tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni ìyá ọkọ mi ti sọ ọ́ lórúkọ. Àǹtí Dígí ni gbogbo wa ń pè é láti ìgbà náà.

Gbọ́ o, kò sẹ́ni tó ní kí a lo dígí nílé. Ìyá ọkọ mi ló gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní ike páúdà kan tí dígí wà nínú ìdérí rẹ̀, ike tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Òun ni wọ́n mú jáde. Wọ́n á gbé Ẹlẹ́rìn-ín sáàárín orúnkún wọn, wọ́n á ní, "Pe bàbá. Má jẹ́ kí dígí sunkún o." Tí ooru bá bò ó, wọ́n á ké, "Ó ti sunkún! Ó yá, bá a nu ojú rẹ̀." Ọmọ á fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, á tún bẹ̀rẹ̀. Eré yẹn dùn mọ́ ọn ju eré mìíràn lọ. Tí dígí bá mọ́, gbogbo wa á pàtẹ́wọ́, bàbá rẹ̀ á gbé e jù sókè, èmi á fún un ní bisikíìtì. Àní nígbà tó yá, tí mo bá ń fọ abọ́, màá gbọ́ tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ níwájú gíláàsì fèrèsé.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí dígí kò fi sunkún mọ́ rárá. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yé àwọn èèyàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rí i. Àmọ́ mo sọ fún ara mi pé èémí ló kọ́kọ́ ń wálé, ọ̀rọ̀ á tẹ̀lé e. Mo ká aṣọ kúrò lórí máṣíìnì, mo fi òróró sí i. Nínú ọkàn mi mo ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ, a ti ń jà lórí sísọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ àyẹ̀wò dé, ìyá ọkọ mi wọ bàtà tí wọ́n ń fi pa mọ́. Àǹtí Dígí gbé dígí rẹ̀ sábẹ́ imú ọmọ. Ẹlẹ́rìn-ín gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya ní fọ́tò. "Pápá." Dígí mọ́. "Bàbá." Dígí mọ́ tónítóní. Ìyá ọkọ mi na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ní, "A dúpẹ́ o! Ẹ wo dígí!" Èmi ti ń wá ohun tí màá fi nu ojú.

Àǹtí Dígí kò bá wa yọ̀. Ó sún mọ́ ọmọ, ó ní kó tún un pè, ó sì fi ìka méjì kan ọ̀fun rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ó wá mú ìka tèmi, ó gbé e síbẹ̀. Òwú, mo gbọ́ ọ lábẹ́ ìka mi. Nǹkan ń ta gìì lọ́fun ọmọ mi ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ pe ọ̀rọ̀ náà, bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ó béèrè bí a ṣe ń ṣe é nílé. Ìyá ọkọ mi kò jẹ́ kó béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n yọ ike páúdà jáde nínú báàgì, wọ́n gbé ọmọ sáàárín orúnkún, wọ́n ní, "Má jẹ́ kí dígí sunkún o," ọmọ sì ṣe é fún wa láìkù síbì kan. Àǹtí Dígí rọra gba ike náà, ó pa á dé. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ní, "Màmá, ọmọ yín gbọ́n gan-an ni. Ẹ ní kí èémí má gba imú. Ẹnu ò sì tíì mọ bó ṣe máa mú un dúró. Ló bá tì í mọ́ ọ̀fun."

Ó ṣàlàyé ìyókù fún mi díẹ̀díẹ̀. Dígí mọ́ nítorí pé èémí kò tilẹ̀ gòkè wá mọ́. Àṣà ọ̀fun yìí, tí ọmọ bá ti mọ̀ ọ́n, kì í tètè kúrò lára rẹ̀. Èyí tó sì burú jù ni pé wọn kò lè mọ̀ báyìí bóyá àjà ẹnu tí wọ́n rán ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, torí kò sí èémí tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí wọn yóò fi dán an wò. Dókítà kò lè sọ pé kí a ṣe iṣẹ́ abẹ, kò sì lè sọ pé kí a má ṣe é. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú ohun tí a kọ́ ọ. Mo bi í pé ṣé yóò pẹ́. Ó ní, "Á pẹ́, Mà." Kò fi oyin kankan sí i. Mo kórìíra rẹ̀ fún un lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ irọ́ rẹ̀ ni ì bá bí mi nínú jù.

O mọ bí wọ́n ṣe máa ń wí pé adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Mo rò pé mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ ọ́n.

Kò tíì tán o. Ó ní òun fẹ́ kí ẹni tí kò gbọ́ ohùn ọmọ rí gbọ́ ọ, kí òun mọ ìwọ̀n tí àlejò lè gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó pe obìnrin tó ń gba káàdì lẹ́nu ọ̀nà wọlé, ó ní kí èmi àti ìyá ọkọ mi jókòó síta. Gíláàsì kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni mo lẹ ojú mọ́. Ẹ̀yìn orí Ẹlẹ́rìn-ín ni mo ń rí, àti àga mi tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń fi àwòrán hàn án kó máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kí obìnrin káàdì máa sọ ohun tí òun gbọ́. Ó ní ajá ti gbé bàtà bàbá sá lọ. Èmi gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn! Obìnrin káàdì ní, "Ó ní... bàbá ń sáré?" Ó ní omi ń dà sílẹ̀ nínú garawa. Obìnrin káàdì ní òun ò gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu, mo ti dìde, ìyá ọkọ mi ló fa aṣọ mi. "Jókòó," wọ́n ní. "A ti ràn án lọ́wọ́ tó."

Mo rí i tí ọmọ yí orí sí àga mi. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí wọn, ó sọ nǹkan kan ní ohùn kékeré, èmi kò sì gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ tó ti ń sọ̀rọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́.

Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, Àǹtí Dígí ní nínú gbogbo ohun tó sọ, gbólóhùn kan ṣoṣo ni obìnrin káàdì gbọ́ tán pátápátá, torí ìró inú rẹ̀ jẹ́ èyí tó yẹ kó gba imú tẹ́lẹ̀. Ó tẹ ẹ̀rọ, ohùn ọmọ mi jáde, ó mọ́ gaara:

"Màmá mi ló mọ̀ ọ́n."

Obìnrin káàdì sì ń tẹ̀lé e nínú ẹ̀rọ, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti rí kan gbọ́: "Ó ní màmá òun ló mọ̀ ọ́n."

Ìyá ọkọ mi ló ń bá mi nu ojú.

Àǹtí Dígí ní ọmọ yìí ti fi ẹnu rẹ̀ sí mi lọ́wọ́, kí n máa dá a padà fún un díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ní kí a ṣe nìyí: a ó máa gbé e wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó lè kọ́ ọ bí èémí ṣe ń gba ẹnu. Nílé, ẹni tí ọmọ bá bá sọ̀rọ̀ ni yóò wá ìtumọ̀ rẹ̀, kó béèrè, kó ṣìnà, kó tún béèrè. Èmi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí pé tí mi ò bá sí nílé, yóò kàn dákẹ́ dè mí ni. Kó máa rí mi, kí n má sì sọ nǹkan kan. Ìyá ọkọ mi ní, "Tó bá jẹ́ òkúta ńkọ́?" Ó ní tó bá jẹ́ ohun tó ń dùn ún, kí n sọ ọ́.

Èyí ni mo wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí. Tẹ́lẹ̀, wọn kò jẹ́ kí n pa ẹnu dé. Báyìí, wọn kò jẹ́ kí n là á. Lánàá, ó ní kí bàbá rẹ̀ bá òun gbé ife tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gbé ìyarun. Ó gbé ìgbálẹ̀. Ó gbé fìlà ara rẹ̀ dé orí, ó ń jó, ọmọ rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́kún. Mo ń gé òwú, mo gé e títí kò ku nǹkan kan lára rẹ̀. Ọmọ bá wá bá mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àgbọ̀n mi mú, ó yí ojú mi sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Mo di ojú, Òwú. Ọmọ mi di ojú mi mú, mo sì di ojú mọ́ ọn. Nígbà tí mo là á, bàbá rẹ̀ ti gun àga, ó ń tọ́ka sí nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi kan ife.

Ìyá ọkọ mi ti fi ike páúdà sí ìsàlẹ̀ àpótí, ojú wọn kò rí páúdà láti ọjọ́ náà. Mo sọ fún wọn pé ṣebí gbogbo wa la pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Tèmi ló dún jù." A jọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn kò mú un jáde.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, má fi àyè ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn sílẹ̀ dè mí. Fi í fún ẹni tó lè wá. Ó dùn mí débi pé mo ti kọ ìlà yìí tí mo fà á rẹ́, kí n tó tún un kọ. Mo ti da aṣọ bo máṣíìnì padà. Má sọ fún mi pé yóò dára. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́, wọ́n sì ń ti ibí jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ ọ́ tán. Kọ̀wé sí mi nìkan. Sọ irú aṣọ tí wọ́n ń gbé wá fún mi, sọ oníbàárà tó ní ìdí òun kò tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi kí àwọn ọmọ, bá mi fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ tí mi ò lè dé ibẹ̀ pa. Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín ń kí ọ, ìyá rẹ̀ náà ń kí ọ.

Ẹlẹ́rìn-ín jókòó lẹ́sẹ̀ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo sọ fún un pé ìwọ ni mo ń kọ̀wé sí. Ó ní kí n kí ọ, ó sì tún fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún ọ, ọ̀rọ̀ gígùn. Mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Tí o bá wá kí wa, bi í léèrè, yóò sọ ọ́ fún ọ fúnra rẹ̀. Tó bá ń sọ ọ́, jọ̀ọ́, má wo ojú mi.

                                                  Èmi ni tìrẹ, níbi tí mo há sí,
                                                  Abẹ́rẹ́.